Fóònù Tó Kú Sínú Bọ́kẹ́ẹ̀tì

Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ìnulẹ̀ ni wọ́n ti bá fóònù náà, ó dojú bolẹ̀ nínú omi dúdú. Rọ́bà tí wọ́n fi ń bò ó lára kò bá a wọ omi. Orí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé ni rọ́bà wà ní tirẹ̀, ó gbẹ dáadáa, ẹni tó bọ́ ọ sì rọra fi í síbẹ̀ ni.

Alhaja Àsúmáù wo bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó wo rọ́bà, ó tún bojú wẹ̀yìn wo àtẹ̀gùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gùn tán, ó sì mí kanlẹ̀. Orókún rẹ̀ ń dùn ún. Ọ́fíìsì Ojú Àánú Homecare wà lókè ṣọ́ọ̀bù onírun kan lẹ́yìn Rye Lane ní Peckham, ẹni tó sì ṣe àtẹ̀gùn ibẹ̀ kò ro ti àgbàlagbà rárá. Ọlọ́pàá ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni Alhaja tẹ́lẹ̀. Nígbà tó fi iṣẹ́ ọba sílẹ̀, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ gbà á pé kó máa bá wọn tú ọ̀rọ̀ tó bá ta kókó. Ó ti rí i báyìí pé olè ló rọrùn jù lọ láti mú, torí olè mọ̀ pé olè lòun. Àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ló ń dá a lágara. Ẹ bá wọn nínú ilé tó ń jó, wọ́n á ní àwọn kò gbóòórùn èéfín.

"Obìnrin tí ẹ wá gbè lẹ́yìn ló ṣe é," ni Ọ̀gbẹ́ni Olúwaṣèyí wí. Òun ló ni Ojú Àánú. Ó wọ kóòtù tó fún un lápá, ohùn rẹ̀ sì tutù nini. Láti Sátidé ni kò ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan bọ́kẹ́ẹ̀tì náà, ó ní ẹ̀rí ni. "Ó wá dá key ilé client kan padà. Inú ń bí i nítorí bonus. Ó lọ tán, fóònù wà nínú omi. Gross misconduct nìyẹn, Alhaja. Hearing rẹ̀ ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí, mi ò sì ní tàn yín jẹ, màá lé e ni."

"Ṣé ẹ rí i nígbà tó jù ú sómi?"

"Ta ló tún kù tó lè ṣe é?"

"Mo bi yín ní ìbéèrè, ẹ fi ìbéèrè dá mi lóhùn."

"Alhaja, office mi nìyí, kì í ṣe court."

Iṣẹ́ fóònù náà kò le. Ojú Àánú máa ń rán àwọn olùtọ́jú lọ sílé àwọn arúgbó, kí wọ́n wẹ̀ wọ́n, kí wọ́n fún wọn lóúnjẹ, kí wọ́n gbé wọn kúrò lórí ibùsùn. Bí iṣẹ́ olùtọ́jú kan bá dùn mọ́ arúgbó tàbí ọmọ rẹ̀ nínú, wọ́n á pe nọ́ńbà fóònù yìí, wọ́n á fi ohùn ìyìn sílẹ̀. Bethany, akọ̀wé ọ́fíìsì, á gbọ́ ohùn náà, á sì ka ìyìn náà sí orúkọ ẹni tí wọ́n yìn nínú kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ìyìn rẹ̀ bá pọ̀ jù lóṣù ló ń gba owó ìwúrí. Láti ọjọ́ tí ètò yìí ti bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin nìkan ló ń gbà á, bẹ́ẹ̀ obìnrin ló kún ilé iṣẹ́ náà bámúbámú.

Ọláwùnmí ni obìnrin àkọ́kọ́ tó béèrè ìdí rẹ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbọ́ àwọn ohùn náà fúnra òun, ọ̀gá kọ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kọ̀wé sí Olúwaṣèyí pé kó tọ́jú wọn, torí ọ̀rọ̀ náà lè di ẹjọ́ lórí owó iṣẹ́ tí kò dọ́gba. Nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, fóònù ti kú.

"Ìlànà kan náà ni fún gbogbo wọn," ni Olúwaṣèyí wí. "Ọkùnrin o, obìnrin o. Clients ló ń yàn, kì í ṣe èmi. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe tí clients bá fẹ́ràn àwọn boys mi?"

Alhaja ti gbọ́ "ìlànà kan náà ni fún gbogbo wọn" lẹ́nu àwọn ọ̀gá débi pé eyín máa ń ro ó tó bá ti gbọ́ ọ. Òfin ilẹ̀ yìí kì í dá ìlànà láre kìkì nítorí pé ó fi ojú kan náà wo gbogbo ènìyàn. Òfin máa ń béèrè ẹni tí ìlànà náà ń fìyà jẹ. Bó bá jẹ́ obìnrin ló ń jìyà rẹ̀ jù, tí ọ̀gá kò sì ní ìdí gúnmọ́ kan láti sọ, ojúsàájú ni, ì báà mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é, ì báà má mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ owó lè dúró dìgbà mìíràn. Ti fóònù ni kò lè dúró di alẹ́.

*

Ọláwùnmí ń dúró dè é nínú ṣọ́ọ̀bù tíì kan nísàlẹ̀. Tíì tó rà ti tutù níwájú rẹ̀, kò fẹnu kàn án.

"Ṣé ìwọ lo ṣe é?"

"Rárá, ma."

"Ṣé inú bí ẹ?"

"Inú bí mi, ma. Ó ṣì ń bí mi di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ohùn tó wà nínú fóònù yẹn ni mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ n gbọ́. Ṣé èmi náà ni màá tún lọ pa ẹlẹ́rìí mi?"

Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, Alhaja kò sì rí ibi tó ti lè ta kò ó. Ó ní kó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Mama kan wà ní Nunhead tí mò ń tọ́jú, Ìyá Tiwalọpẹ́. Tí wọ́n bá rán ẹlòmíràn sí wọn, wọn kì í jẹun. Àwọn fúnra wọn sọ fún mi pé àwọn ti pe nọ́ńbà yẹn, àwọn sì yìn mí. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan o. Àwọn clients mi yòókù náà sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá bi Bethany, á ní mi ò ní nǹkan kan. Zero, ma. Oṣooṣù, zero." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Visa mi, orí iṣẹ́ yìí ló wà. Tí wọ́n bá lé mi, níbo ni mo fẹ́ rí company tó máa tètè gba ẹni tí wọ́n lé torí gross misconduct? Ọmọ mi ń múra ìdánwò lọ́wọ́. Kí ni màá sọ fún un, pé torí fóònù ni wọ́n ṣe ń lé wa lọ sílé?"

Alhaja kò ní ọ̀rọ̀ ìtùnú púpọ̀ lẹ́nu, kò sì fẹ́ràn láti ṣèlérí. Ó ní kó mu tíì rẹ̀. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ń rò pé bí àwọn ènìyàn bá ń yin obìnrin yìí, tí ìyìn náà kò sì dé ibi tó ń lọ, á jẹ́ pé ẹnì kan dúró lójú ọ̀nà tó ń jí i kó. Bí ó bá sì jẹ́ olè ló wọlé, ọ̀dọ̀ ẹni tí àpò rẹ̀ wú jù ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ yà.

*

Habeebullah ni àpò rẹ̀ wú jù. Òun ló ń gba owó ìwúrí náà lọ́pọ̀ oṣù. Bọ́ọ̀sì tó gbé Alhaja lọ bá a yà kúrò lọ́nà rẹ̀ torí àwọn tó ń gbẹ́ títì, ó sì já a sílẹ̀ níbi tó jìnnà sí Camberwell Green, nítorí náà ìbínú ti wà lọ́rùn rẹ̀ kó tó débẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń jẹ búrẹ́dì àti ẹyin.

"Níbo lo wà ní Sátidé?"

"Swear down, Alhaja, mi ò tiẹ̀ sún mọ́ office. Ọ̀dọ̀ bàbá tí mò ń tọ́jú nítòsí hospital ni mo wà látàárọ̀. Ọmọ wọn wà níbẹ̀, ẹ lè bi í."

Alhaja pe ọmọ bàbá náà lójú ẹsẹ̀, òótọ́ sì ni. Afurasí rẹ̀ kan ṣoṣo ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń ro ó.

"Kí lò ń ṣe fún wọn gan-an, tí wọ́n fi ń yìn ọ́ tó báyìí?"

Habeebullah rẹ́rìn-ín, ojú sì tì í díẹ̀. "Nothing special. Kí n sọ òótọ́ fún yín, èmi àti mummy yẹn jọ ń ṣe double-up nílé bàbá kan, àwa méjèèjì la jọ ń gbé bàbá. Mummy yẹn better than me, by far. Èmi gan-an, àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́."

"Mummy wo?"

"Mummy tí ẹ wá nítorí wọn, innit."

"Kí lorúkọ wọn?"

Ó họ orí. "Ah. Alhaja. Mummy la máa ń pè wọ́n ṣá."

"O ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ láti ọdún mélòó kan, o ò mọ orúkọ wọn?"

"Báwo ni màá ṣe máa pe orúkọ àgbàlagbà, Alhaja? Ẹ̀yin náà, mi ò lè sọ pé Àsúmáù báyìí, lọ́lá Ọlọ́run."

"Àwọn clients ń kọ́? Ṣé wọ́n mọ orúkọ tìẹ?"

"Tèmi? Wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Tí ọkùnrin gìrìpá bíi tèmi bá kan ilẹ̀kùn, ẹ rò pé wọ́n á ṣí? Màá gbé ID card sókè, màá sọ full name mi, àwọn mìíràn á tún pe office láti check. Àwọn mummy kàn ń wọlé ní tiwọn ni. Wọ́n á ní, ẹ káàbọ̀, ọmọ mélòó lẹ bí?"

Alhaja dìde. Nǹkan kan wà nínú ọ̀rọ̀ ọmọ yìí tó ń rìn ín lọ́kàn, kò sì rí i mú. Ìyẹn tún bí i nínú sí i.

*

Nígbà tó padà dé ọ́fíìsì, Olúwaṣèyí ti jáde lọ jẹun. Bethany nìkan ló wà níbẹ̀, ọmọ òyìnbó tí wọ́n bí ní Peckham, tó fi bírò há etí. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn méjèèjì ń sọ. Alhaja nawọ́ sí bọ́kẹ́ẹ̀tì.

"Ìwọ lo ṣètò nọ́ńbà ìyìn yìí?"

"Èmi ni."

"Gbogbo ohùn náà ti bá fóònù kú nìyẹn?"

Bethany wò ó bí ìgbà tí ọmọdé béèrè bóyá inú tẹlifíṣọ̀n ni oníròyìn ń sùn. "Rárá o. Àwọn ohùn kì í gbé inú fóònù. Ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ni wọ́n wà. Téèyàn bá yọ síìmù rẹ̀ sínú fóònù mìíràn, tó sì pe nọ́ńbà ìgbóhùn, wọ́n á jáde. Mo fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, Ọ̀gá ní kí n má fọwọ́ kan ẹ̀rí."

"Iṣẹ́ ta ni láti máa gbọ́ wọn?"

"Èmi náà ni."

"Ó dáa. Ṣe iṣẹ́ rẹ."

Bethany ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì tọwọ́ bọ omi. Ó nu síìmù gbẹ, ó kì í bọ fóònù ara rẹ̀. Àwọn ohùn tí kò tíì gbọ́ ló kù níbẹ̀. Ohùn obìnrin arúgbó kan kọ́kọ́ jáde, ó ń sọ̀rọ̀ sókè bíi pé Nunhead jìnnà sí Peckham.

"Ẹ ǹlẹ́ o. Ìyá Tiwalọpẹ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Mummy Ìmọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ mi tó wú yẹn, àwọn ni wọ́n rí i kí dókítà tó rí i. Ọlọ́run á bá wọn tọ́jú Ìmọ́lẹ̀."

Lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin kan yin Habeebullah, ó pe orúkọ rẹ̀ pé, pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀. Obìnrin kan yin Ìyá Fẹ́rànmí. Ẹlòmíràn tún yin Mummy Ìmọ́lẹ̀. Ẹnì kan yin Nasir. Ẹnì kan yin Mummy Nusaybah, ó tiẹ̀ sunkún díẹ̀.

"Mi ò gbọ́ Yorùbá, orúkọ nìkan ni mo máa ń gbọ́ mú. Àwọn yìí ni mi ò mọ̀," ni Bethany wí. "Mo máa ń wá Mummy Ìmọ́lẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, kò sí òṣìṣẹ́ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo bi Ọ̀gá. Ó ní ìyá tó bí àwọn tó ń pè ni wọ́n ń kí, pé bí Yorùbá ṣe ń ṣe nìyẹn, kí n máa pa wọ́n rẹ́."

Alhaja jókòó. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ fi ọwọ́ lu tábìlì, kò wá mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ ṣe. Ó pe Ọláwùnmí.

"Kí lorúkọ ọmọ rẹ?"

"Ìmọ́lẹ̀olúwa, ma."

"Níbi iṣẹ́, ta ló ń pè ọ́ ní Ọláwùnmí?"

"Kò sẹ́nì kankan, ma. Àfi kọ̀ǹpútà."

Ọ̀rọ̀ náà wá hàn gbangba, ó sì dun Alhaja wọra. Wọ́n ń béèrè orúkọ lọ́wọ́ ọkùnrin nítorí wọn kò fọkàn tán an. Obìnrin ni wọ́n fọkàn tán, wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún un, wọ́n wá ń fi ọmọ rẹ̀ pè é bí a ṣe ń pe abiyamọ láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Ẹni tí wọ́n ń fura sí ló wá ń gba owó. Ẹni tí wọ́n fọkàn tán kò gba nǹkan kan. Ìlànà Ojú Àánú kò dárúkọ ọkùnrin, kò dárúkọ obìnrin, síbẹ̀ obìnrin nìkan ló ń gé lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá wo ló máa gbọ́ "Mummy Ìmọ́lẹ̀" tí kò ní mọ ohun tó túmọ̀ sí? Olúwaṣèyí mọ̀. Ẹni tó bá mọ̀, tó sì gba ìwé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, ní ìdí láti wá omi lọ́jọ́ kejì. Ohun tó kù ni pé kó jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀, torí ó máa sọ pé òun kò mọ̀ ni, ẹnu rẹ̀ sì dùn.

Kí àkókò ìjókòó tó tó, Alhaja gba takisí lọ sí Nunhead, ó kí Ìyá Tiwalọpẹ́. Ó sọ fún un pé wọn kò jẹ́ kí Mummy Ìmọ́lẹ̀ wá lónìí, àti pé ẹlòmíràn ni wọ́n máa rán. Kò sọ fún un pé kó má ṣílẹ̀kùn. Ó kàn rán an létí pé ilé rẹ̀ ni.

*

Wọ́n jókòó yí tábìlì ká, Olúwaṣèyí níwájú, Bethany lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti kọ ohun tí wọ́n bá sọ, Ọláwùnmí àti Alhaja lódìkejì. Òfin gba òṣìṣẹ́ láàyè láti mú aṣojú ẹgbẹ́ wá síbi irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tí Olúwaṣèyí rí ṣe sí i ju pé ó ń wo aago. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, nítorí Bethany.

"Ẹni tí inú ń bí kì í bọ́ aṣọ fóònù kó tó jù ú sómi," ni Alhaja wí. "Rọ́bà yìí kì í jẹ́ kómi wọlé. Ẹni tó bọ́ ọ fẹ́ kí fóònù kú pátápátá ni. Ètò nìyẹn, kì í ṣe ìbínú. Ẹ̀yin mẹ́ta lẹ ní àyè débí ní Sátidé. Bethany ní kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n Bethany mọ̀ pé ohùn kì í gbé inú fóònù. Ọláwùnmí wá, ṣùgbọ́n ohùn yẹn gan-an ló ń wá kiri. Ẹni tó ṣe é rò pé inú fóònù ni ohùn wà, ó sì ń bẹ̀rù wọn."

"Kì í gbé inú fóònù?" ni Olúwaṣèyí béèrè.

Bethany gbé fóònù tirẹ̀ sórí tábìlì, ó tẹ̀ ẹ́, ohùn Ìyá Tiwalọpẹ́ sì kún yàrá náà. Ọláwùnmí fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbọ́ ọ nìyẹn.

"Ta ni Mummy Ìmọ́lẹ̀?" ni Alhaja béèrè.

"How would I know? Peckham ni wọ́n bí mi sí, Alhaja. Mi ò mọ gbogbo àṣà yẹn. Mo rò pé ìyá wọn ni wọ́n ń kí. Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú staff mi."

"Bethany, o ti kọ ìyẹn sílẹ̀?"

"Mo ti kọ ọ́."

Fóònù Olúwaṣèyí dún. Ó fẹ́ pa á, ó rí nọ́ńbà tó ń pè, ó gbé e. Bó ṣe ń gbọ́ ni ojú rẹ̀ ń yí padà. Olùtọ́jú tó rán lọ sí Nunhead ló ń pè láti ìta. Mama ti ti ilẹ̀kùn mọ́rí, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n rí. Wọn kò tíì jẹun láti àárọ̀, wọn kò tíì lo oògùn, ọmọ wọn sì ti pe council láti fẹjọ́ sùn. Olúwaṣèyí gbé fóònù sílẹ̀, òógùn ti yọ lójú rẹ̀. Ó kọjú sí obìnrin tó fẹ́ lé, ó bọ́ sí Yorùbá.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mummy Ìmọ́lẹ̀, ẹ bá mi sáré lọ sí Nunhead. Àwọn mama ò ní ṣílẹ̀kùn fún ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ di ọ̀la."

Bírò Bethany dúró.

Ọmọdébìnrin náà kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó gbọ́ orúkọ tó ti ń pa rẹ́ láti oṣù yìí dé oṣù yẹn. Ó wo Ọláwùnmí, ó wo ọ̀gá rẹ̀.

"Òun ni Mummy Ìmọ́lẹ̀?" ló béèrè. "Ẹ ní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà ni mò ń bi yín. Ẹ ní kí n máa pa á rẹ́."

Olúwaṣèyí ṣí ọrùn ẹ̀wù rẹ̀. Ohùn tútù náà ti lọ. "Tí mo bá ka ti àwọn mummy, àwọn boys ò ní rí nǹkan kan gbà láé. Wọ́n á fi mí sílẹ̀, wọ́n á lọ máa wa van parcel. Ta ló máa bá mi gbé àwọn bàbá tó wúwo? Bonus yẹn ni mo fi ń dá wọn dúró. Àwọn mummy ò lè lọ, visa wọn wà lọ́wọ́ mi."

Ó gbọ́ ohun tó sọ lẹ́yìn tó ti sọ ọ́ tán.

"Tí ẹ bá fẹ́ dá wọn dúró," ni Alhaja wí, "ẹ sanwó fún wọn láti àpò yín, kẹ́ ẹ sì lọ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ níwájú adájọ́. Ẹ ò lè fi ìyìn obìnrin san án. Fóònù ń kọ́?"

Ọkùnrin náà wo bọ́kẹ́ẹ̀tì tó fi ẹnu ara rẹ̀ pè ní ẹ̀rí. "Mo rò pé inú ẹ̀ ni wọ́n wà," ló wí.

"Kọ ọ́ sílẹ̀, Bethany. Hearing ń kọ́, sà? Ṣé a ṣì ń bá a lọ?"

"Ó ti parí. Kò sí ẹ̀sùn lọ́rùn wọn."

Ọláwùnmí dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́ Nunhead lórí ìkọ́ rẹ̀, torí pé mama kò tíì jẹun. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, Olúwaṣèyí ní, "Ẹ ṣé, Mummy Ìmọ́lẹ̀."

Ó yíjú padà. "Nílé àwọn mama, ohun tí mò ń jẹ́ nìyẹn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Lọ́dọ̀ yín, Ọláwùnmí lorúkọ mi. Ẹ jẹ́ kó wà nínú kọ̀ǹpútà yín."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Alhaja tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀ kan lẹ́sẹ̀ kan, ó di ògiri mú, ó ń ṣépè fún ẹni tó ṣe àtẹ̀gùn náà. Ó ṣì ń gbọ́ wọn lókè. Bethany ti tún tẹ fóònù, ohùn mìíràn ti jáde.

"Ta ni Ìyá Fẹ́rànmí?" ló ń bi ọ̀gá rẹ̀. Ó tún bi í lẹ́ẹ̀kejì.